Kọ́bọ̀ oníhò: ohun tí lẹ́tà H àti KN ń sọ, àti iye tí owó àtijọ́ tó lóòótọ́

Bí àgbàlagbà kan bá papò dà ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́, ní Ìdó tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú àríwá Èkìtì, tí wọ́n sìnkú tán, tí àwọn ọmọ wá jókòó láti ṣí àpótí rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń bá níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Wọn yóò bá aṣọ òfì, wọn yóò bá ìwé owó-orí àtijọ́, wọn yóò bá fọ́tò tí eruku ti bò. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọn yóò bá agolo kékeré kan tí ó wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ. Owó ló wà nínú rẹ̀: kọ́bọ̀ oníhò, ẹ́pìnì, ọ̀nínì, bóyá tọ́rọ́ àti sísì mélòó kan. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan yóò ní kí wọ́n kó o fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi ṣeré, nítorí kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ná an mọ́. Ẹlòmíràn yóò fa fóònù rẹ̀ yọ, yóò ní wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí òun pé kọ́bọ̀ tí lẹ́tà H tàbí KN bá wà lára rẹ̀, mílíọ̀nù ló ń lọ lókè òkun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó ní kí wọ́n kó o fún ọmọdé ń fi ogún ìdílé ṣòfò. Ẹni tó ń retí mílíọ̀nù, òun gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń wá kiri. Ohun tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ìmọ̀ díẹ̀ nípa ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn jẹ́, àti ohun tí wọn kì í ṣe.

Kọ́bọ̀ tí àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kọ́bọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Pẹ́nì àwọn Òyìnbó ni. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà ni àwọn ará àtijọ́ yí sí kọ́bọ̀, nítorí pé pẹ́nì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pupa bíi bàbà. Nígbà tí Nàìjíríà wá ń wá orúkọ fún owó tuntun rẹ̀, èyí tí ó ti wà lẹ́nu ará ọjà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú. Nínú ìṣirò àtijọ́ náà, kọ́bọ̀ 12 ló jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló jẹ́ pọ́ọ̀n kan, èyí tó túmọ̀ sí pé kọ́bọ̀ 240 ló wà nínú pọ́ọ̀n. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì. Ẹ́pìnì méjì ló pé kọ́bọ̀ kan. Ọ̀nínì, tí àwọn mìíràn ń pè ní aníní, ló kéré jù, mẹ́wàá rẹ̀ ló pé kọ́bọ̀.

Ó lè ya ọmọ ìsinsìnyí lẹ́nu pé ìjọba jókòó láti rọ owó tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ ló fà á. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ, ata, iyọ̀ àti ewé nínú ọjà Èkìtì. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹyọ ni wọ́n ń kà fún kọ́bọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kékeré kò lè mú odidi kọ́bọ̀ lọ sọ́jà kó máa wá ṣéńjì. Ní ọdún 1904, ìjọba fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má kó owó ẹyọ wọlé láti òkè òkun mọ́. Wọ́n sì ní láti fi owó mìíràn dípò rẹ̀. Ní ọdún 1907 ni ọ̀nínì dé, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ọ́, ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó wà lára àwọn owó alumíníọ̀mù àkọ́kọ́ tí wọ́n ná lọ́jà ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kó pẹ́. Ó ń jẹ bí ìgbà tí ikán bá wọ igi. Kò tó ọdún mélòó kan tí wọ́n fi pa á tì, tí wọ́n sì ń fi bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́lì rọ ọ́, èyí tí ó funfun. Ẹni tó bá rí ọ̀nínì alumíníọ̀mù nínú agolo baba rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, kí ó yà á sọ́tọ̀.

Ihò tó wà láàrin owó wọ̀nyí, òun náà tẹ̀lé àṣà owó ẹyọ. Àwọn ará ilé àti ọjà ti mọ bí wọ́n ṣe ń sín owó sí okùn, ogójì ogójì. Wọ́n lu ihò sí kọ́bọ̀ kí wọ́n lè máa sín in bẹ́ẹ̀. Ní ìhà kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà ká, pẹ̀lú orúkọ British West Africa àti ọdún. Ní ìhà kejì, adé ọba Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọba náà, àti iye tí owó náà jẹ́. Láti ọdún 1912, ìgbìmọ̀ kan tí ó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, West African Currency Board, ni ó ń bójú tó owó tí wọ́n ń ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó kan náà ni wọ́n ń ná láti Banjul dé Ìkọ̀lé.

Báwo ló ṣe dé Ìkọ̀lé? Rélùwéè kò dé Èkìtì rí. Òṣogbo ló dé ní ọdún 1907, láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń fẹsẹ̀ rìn wọ inú Èkìtì. Àwọn òṣómàáló láti Iléṣà ń gbé aṣọ kiri láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba kọ́bọ̀ wọn lẹ́yìn ìkórè. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í dìde bí gbèsè kò bá tíì pé. Lẹ́yìn náà ni kòkó wá mú owó púpọ̀ wọlé. Nítorí pé báńkì jìnnà, inú ìkòkò, inú agolo àti inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kó o sí. Ìdí nìyẹn tí owó náà fi ṣì ń jáde nínú ilé lónìí.

Ó wá kan lẹ́tà náà. Ilé-iṣẹ́ arọwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Royal Mint, wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Gbogbo ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ló ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì ká a. Ó ń gbé nínú iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ìdílé Heaton ní Birmingham, tí Ralph Heaton ra ẹ̀rọ arọwó àtijọ́ kan fún ní ọdún 1850. Àmì tirẹ̀ ni H. Èkejì ni King's Norton Metal Company, ní Birmingham kan náà. Àmì tirẹ̀ ni KN. Ní àsìkò tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ilé-iṣẹ́ arọwó Pretoria ní South Africa náà rọ nínú kọ́bọ̀ ilẹ̀ wa, àmì tirẹ̀ sì ni SA. Èyí tí kò ní lẹ́tà kankan, Royal Mint fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà náà kò ju kí wọ́n mọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Bí owó kan bá fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí wọ́n bá pò irin rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, lẹ́tà ni yóò sọ ibi tí wọn yóò ti béèrè. Bí ilà ojú ni. Ilà ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá, ó lè sọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ilà tí ń sọ pé olówó ni ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́tà H kò sọ pé owó náà ṣọ̀wọ́n, KN kò sì sọ pé wúrà wà nínú rẹ̀. Láwọn ọdún mìíràn, owó tó ní lẹ́tà ló pọ̀ nílẹ̀, tí èyí tí kò ní lẹ́tà sì kéré. Láwọn ọdún mìíràn, òdìkejì rẹ̀ ni.

Ibi tí ìtàn lẹ́tà tó ń di mílíọ̀nù ti wá kò ṣòro láti rí. Lórí pẹ́nì tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń rọ èyí tó pọ̀ jù, ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbé e fún Birmingham. H wà lára àwọn kan nínú pẹ́nì ọdún 1912, 1918 àti 1919. KN wà lára àwọn kan ní 1918 àti 1919. Àwọn wọ̀nyẹn ṣọ̀wọ́n ju èyí tí kò ní lẹ́tà lọ, pàápàá KN tí ojú rẹ̀ bá ṣì mọ́, àwọn tó ń ṣa owó jọ sì ń san owó tó jọjú lé e. Àwọn tó gbọ́ èyí ló mú un bọ̀ sórí kọ́bọ̀ oníhò ilẹ̀ wa, tí H àti KN pọ̀ lára rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú àpò. Owó ọ̀tọ̀ ni pẹ́nì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní ihò, ojú ọba tàbí ọbabìnrin ló wà lára rẹ̀. Àní nínú ti wọn pàápàá, èyí tó gbówó lérí jù nínú ọ̀rúndún tó kọjá kò ní lẹ́tà rárá. Pẹ́nì ọdún 1933 ni. Pẹ́nì ti pọ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà, wọn kò nílò tuntun, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi méje lọ ni wọ́n rọ, tí wọ́n sì fi àwọn kan sábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ ilé. Ìgbà tó yá, ní ọdún 1970, olè lọ hú ọ̀kan lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Leeds. Iye tí wọ́n rọ ló mú kí ó níyì.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ju lẹ́tà lọ ni ti ọba tó jẹ ní ọdún 1936. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni George Karùn-ún wàjà, ọmọ rẹ̀ Edward Kẹjọ sì gorí oyè. Kò lo ọdún kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ó gbé adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, àbúrò rẹ̀ sì di George Kẹfà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ní ojú Edward kò tíì jáde fún ará ìlú kí ó tó lọ. Ìwọ̀nba tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ló kù, wọ́n sì di ohun iyebíye: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Royal Mint kéde pé ẹnì kan ra owó wúrà kan tó ní ojú rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan pọ́ọ̀n.

Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Kọ́bọ̀ oníhò kò nílò ojú ọba. Orúkọ lásán ni wọ́n ń kọ yí adé ká. Kíá ni wọ́n pààrọ̀ orúkọ náà, tí wọ́n sì rọ kọ́bọ̀, ẹ́pìnì àti ọ̀nínì tó ní EDWARDVS VIII lára ní iye mílíọ̀nù, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ilé-iṣẹ́ Birmingham méjèèjì. Wọ́n kó o wá, wọ́n ná an ní ọjà Ìfàkì àti ọjà Ìkọ̀lé bí wọ́n ṣe ń ná èyíkéyìí. Ọba tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí orúkọ rẹ̀ lára owó wọn, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Èkìtì so orúkọ rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. Nítorí pé ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́bọ̀ Edward Kẹjọ tí ọwọ́ ti pa lára kì í ju dọ́là díẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa owó jọ, yálà ó ní H, ó ní KN, tàbí kò ní nǹkankan. Ó dára láti ní, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Kò lè kọ́ ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ ọba, kí ó tó wo ọdún. Edward Keje ló wà lára àwọn àkọ́kọ́, títí di 1910. George Karùn-ún tẹ̀lé e títí di 1936, ó sì yẹ kí á rántí pé kọ́bọ̀ 1936 lè jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti Edward Kẹjọ. George Kẹfà bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Lẹ́yìn tí India gba òmìnira ní 1947, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ IND:IMP: kúrò lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, nítorí kò jẹ́ olú-ọba India mọ́. Ní 1952 ni irin funfun di aláwọ̀ bàbà. Lẹ́yìn náà ni ti Ọbabìnrin Elizabeth. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1959, kọ́bọ̀ tó ní orúkọ Federation of Nigeria jáde. Ihò àti ìràwọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ló pọ̀ jù nínú agolo ilé, òun náà ló sì rọrùn jù láti rí rà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá wá lẹ́tà. Ó kéré, ó sì yẹ kí ènìyàn fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Ìhà tí ìràwọ̀ àti ọdún wà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì yí owó náà wò níhà méjèèjì. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń yọ sókè bí àwọn ọ̀rọ̀ tó kù. Èyí tó bá wọ inú irin lọ bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó họ ọ́, ọwọ́ ẹnì kan ló fi síbẹ̀.

Ohun tó ń sọ iye owó náà ju lẹ́tà lọ ni bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kọ́bọ̀ tí wọ́n ná fún ogún ọdún, etí ìràwọ̀ rẹ̀ yóò ti rá, adé yóò ti fẹ̀ pẹrẹsẹ. Irú ọdún kan náà, lẹ́tà kan náà, tí kò wọ ọjà rí, lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fọwọ́ ara wọn ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá ti rí owó náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n fi eérú, iyanrìn, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọṣẹ ìfọkòkò fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Ó máa dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí ọdún fún un ni àwọn olùrà ń wò, awò yóò sì fi gbogbo ojú ọgbẹ́ iyanrìn náà hàn. Bí erùpẹ̀ bá wà lára rẹ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi lásán, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ gbá omi rẹ̀ láì nù ún, kí wọ́n sì fi bébà gbígbẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀rá rírọ̀ kò dára fún un.

Àwọn kan wà tí wọn kò bìkítà fún lẹ́tà tàbí ọdún. Àwọn lẹ́kùlẹ́jà ṣì ń ta kọ́bọ̀ oníhò fún àwọn tó ń ṣe aájò, ihò tó wà láàrin rẹ̀ sì ni tiwọn ń fẹ́. Kí ẹni tó ń tà fún wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kó o sílẹ̀ ní òṣùwọ̀n agolo. Bí ó bá sì rí èyí tí ẹ̀rọ gbàgbé láti lu ihò sí, kí ó mọ̀ pé àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, pé àwọn olùṣajọ ń wá a, àti pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ náà ń fi irin dí ihò kí ó lè jọ ọ́.

Ní ti àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ lórí fóònù, ọ̀nà wọn kan náà ni. Wọn yóò béèrè fọ́tò owó náà, wọn yóò yìn ín, wọn yóò dá iye tó ń dá oorun mọ́ ènìyàn lójú. Lẹ́yìn náà ni owó ìforúkọsílẹ̀ yóò dé, tàbí owó ìwé ẹ̀rí, tàbí owó aṣọ́bodè, tí ẹni tó ní kọ́bọ̀ ni yóò san. Olùrà gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye gidi, kí ó má wo iye tí àwọn ènìyàn ń kọ sórí owó tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè kọ mílíọ̀nù. Kí ó wo iye tí wọ́n ti rà á lọ́wọ́ ara wọn, èyí tí àwọn ilé gbàǹjo owó àtijọ́ ń fi hàn lẹ́yìn títà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì máa ń pọ̀ gan-an.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, pọ́ọ̀n kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá, sísì di márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Èkìtì fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, tí wọ́n sì ń pe náírà kan ní ṣílè mẹ́wàá títí àwọn owó wẹ́wẹ́ náà fi kúrò lọ́jà. Ẹni tó ní ṣílè kó o lọ pààrọ̀. Kọ́bọ̀ oníhò ló ṣòro, nítorí mẹ́fà rẹ̀ ló pé kọ́bọ̀ tuntun márùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò ti Ọ̀mùò tàbí Ayédùn wọkọ̀ lọ sí báńkì nítorí ìwọ̀nba kọ́bọ̀. Ó kù sínú agolo.

Kí àwọn ọmọ tó pín in, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kó o jọ, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe àti ibi tí wọ́n ti bá a sínú ìwé kan, kí wọ́n sì fi ìwé náà sínú agolo pẹ̀lú owó náà. Bí ìyá tàbí baba bá ṣì wà láyé, kí wọ́n gbé agolo náà sí iwájú rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ohun tí ọ̀nínì kan ń rà ní ọjà nígbà èwe rẹ̀.